Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Bú Ohùn Mi

Nígbà tí èmi náà ṣì wà ní ọmọ kékeré ní Amukoko, mo ní ọ̀rẹ́ kan tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín. Yàrá tiwọn kọjú sí tiwa nínú ilé kan náà. A jọ ń pọn omi, a jọ ń lọ sílé ìwé, a sì jọ wà lára àwọn ọmọdé tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àga kan náà la máa ń jókòó lé. Bí ẹlòmíràn bá ṣáájú mi jókòó tì í, inú á máa ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i.

Nígbà tí ìkórè ku díẹ̀, olórí akọrin wa sọ pé ọ̀rẹ́ mi ni yóò lé orin kan, pé ẹnì kan yóò sì dúró tì í tí yóò máa bá a gbè é. Mo ti mọ̀ pé èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe dé sáàárín àwa akọrin láti Apapa. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Wharf Road, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde nínú ọkọ̀ òkun. Bàtà rẹ̀ ń dán, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń gba imú jáde, kí n má sì parọ́, ó mọ orin í kọ.

Kò pẹ́ tó dé tó fi jókòó sí àyè mi. Mo fi ìdí tì í, ó fi ìdí tì mí padà. Orin tí a bẹ̀rẹ̀ kò tíì dé ìdajì tó fi ọwọ́ di etí.

“Abeg shift,” ó ní. “Your voice dey jar.”

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù, nítorí mi ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. “Jar” kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò tí màmá mi ń kó ẹ̀pà sí. Mo délé, mo sọ fún un pé wọ́n ní ohùn mi dà bí ìgò.

“Ṣé kò dáa ni? Ìgò mọ́, ó sì ń dán,” ni màmá mi wí. “Lọ bá mi fọ èyí tó wà níbẹ̀ yẹn.”

Nígbà tí a padà sílé ìwé, mo bi olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ìgò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n ń kọ bákan náà. Bí ohùn méjì kò bá bára mu, tó ń ha ẹni tó ń gbọ́ ọ létí, wọ́n ń “jar” nìyẹn. Bí aṣọ pupa àti aṣọ àlùkò bá ń bú ara wọn lára èèyàn, àwọn náà ń “jar”. Bí èèyàn bá sì fò láti orí ògiri, tí egungun rẹ̀ mì tìtì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn yóò lò.

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Sà, jar náà ni jà!”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára tan rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣì í lò. Ó wá fi kún un pé, “Ẹnì kan kì í dá jà. Ohùn kan kì í dá jar.”

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọmọ Apapa tún ṣe lanu, mo ní, “Na two voice dey jar, one no fit. Tìẹ ńkọ́?”

Àwọn akọrin hó yèè. Olórí akọrin ní kí a dákẹ́, ó sì ní kí àwa méjèèjì bá ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàdúrà kí ohùn ọmọ náà há. Kò há. Ó ń ṣàn bí òróró. Ó wá kàn mí.

“Ohùn ẹ ò burú,” ni olórí akọrin wí fún mi. “Ibi tí o gbé e sí ló ga jù. Bọ́ sísàlẹ̀, bọ́ sí alto.”

Mo bọ́ sísàlẹ̀, orin náà sì bára mu; etí mi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn alto ní àga tiwọn, ní apá kejì ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo àwọn méjèèjì lọ́jọ́ ìkórè, tí wọ́n jọ di ìwé orin kan ṣoṣo mú. Àwọn èèyàn ń yìn wá pé ohùn wa dùn pọ̀. Ọwọ́ àwọn méjèèjì lára ìwé yẹn ni èmi ń wò.

Ẹ wò ó, ayé ti yí. Ọmọbìnrin mi náà ní ọ̀rẹ́ báyìí, mo sì ń jowú ọ̀rẹ́ ọ̀hún, kí n má tàn yín: ó mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ mi, èmi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tiwa, bí ọmọdé méjì bá ń jà, gbogbo ilé á gbọ́. Ìyá kan á jáde, á bá ẹnì kìíní wí, á rẹ ẹnì kejì lẹ́kún. Lórí fóònù ni tiwọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi ń fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rọ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Mo bi í pé kí ló dé.

“Kò sí nǹkan kan, mọ́mì.”

Mo jókòó, mo tẹ́tí, mo tẹ́tí. Ká ní ariwo ni mo gbọ́, ǹ bá mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.