Àgbébọ̀ Inú Ìkòkò Tánńganran

Ológbò mi ló tú àṣírí ẹ̀gbọ́n mi fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ìjàgbò ni ilé ọkọ wọn. Èmi ń gbé Ọ̀fà láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí ìsìn bá ti parí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n á gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ mi, a ó jọ jẹun ọ̀sán, wọ́n á bú mi díẹ̀, èmi náà á tọ́ wọn sọ́nà díẹ̀, wọ́n á sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ṣàkíyèsí pé ológbò mi tẹ̀lé wọn dé ẹnu géètì, ó ń ké, ó ń fi ara nu báàgì ọwọ́ wọn. Ológbò yìí kì í sin àlejò. Mo padà wo tábìlì. Itan adìẹ ni mo bù fún wọn, àmọ́ àwo wọn mọ́ tónítóní, kò sí egungun níbẹ̀. Nígbà kan, èyí kò ní yà mí lẹ́nu, nítorí ẹ̀gbọ́n mi a máa rún egungun bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí egungun ró lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, mo ṣọ́ wọn bí mo ṣe máa ń ṣọ́ ọmọ kíláàsì tó ń jí ìwé wò nínú ìdánwò: mo ṣe bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ẹran wọ ẹnu. Ẹnu lọ síhìn-ín, ó lọ sọ́hùn-ún. Áńkáṣíìfù gòkè wá nu ètè, ẹran sì bá áńkáṣíìfù lọ sínú báàgì.

Eyín wọn ti lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù kò lè bá ẹran jà mọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn bi wọ́n léèrè. Àna wa ọkùnrin kan ti dán an wò. Ó ní, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni o, pé àwọn ọmọ lè bá wọn ṣe eyín àtọwọ́dá. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọn kò sì tẹ ilé ọkùnrin náà mọ́ títí a fi gbin iṣu tí a tún fi wà á. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń dárúkọ eyín nínú ẹbí wa. Kódà, bí a bá fẹ́ ra pákò, a máa ń dúró kí wọ́n lọ sílé ná.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n ń rù. Èjìká bùbá wọn ti ń yọ̀ bọ́ sí apá. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹ̀jẹ̀ inú wọn kò tó mọ́, àfi kí wọ́n máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin, kí wọ́n má bàa ṣubú lọ́jọ́ kan. Ẹja kò bá wọn lára mu láti kékeré. Wọ́n ní oúnjẹ aláìsàn ni ẹyin. Mo ra adìẹ agíríìkì, wọ́n fi ahọ́n kàn án, wọ́n ní, "Adìẹ tí kò rìn rí láyé rẹ̀, kí ni n ó jẹ lára rẹ̀?" Mo gé ẹran wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni àwọn. Mo gbé ìkòkò tó máa ń súfèé kaná, ẹran rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fọ́ bí òwú, ojú lásán ti mọ̀ pé wọ́n ṣe ojúsàájú fún ẹnì kan. Ẹran tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹran adìẹ ìbílẹ̀ tó le, kó wà lódindi lára egungun rẹ̀, kó sì rọ̀ bí ògì. Ẹni tó bá fún wọn ní irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun mọ̀.

Ilé ọmọbìnrin mi ní Ìbàdàn ni mo ti jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ màlúù ni, ó jókòó lára egungun rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ahọ́n lásán sì ń yà á. Ìkòkò irin tó nípọn, tí wọ́n fi tánńganran bò ní inú àti òde, ló fi sè é, ọmọrí rẹ̀ sì wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo pinnu pé n ó wá tèmi.

Ìyá kan ń ta ẹrù tòkunbọ̀ nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà. Mo bá irú ìkòkò náà méjì lọ́dọ̀ rẹ̀: pupa ńlá kan, àti aláwọ̀ aró tó kéré sí i. Mo yọ rúlà àti bébà kan nínú báàgì mi. Mo fi rúlà wọn inú ìkòkò méjèèjì. Mo na ọwọ́ sínú èyí pupa, mo fi èékánná tọ́ ọ yípo. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tánńganran ti ré, irin dúdú ti yọjú. Èyí kò dára, nítorí ibi tó bá ti ré ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá sì tún ré á bọ́ sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi bébà sí etí ìkòkò, mo dé ọmọrí lé e, mo sì fa bébà náà. Ó yọ jáde wẹ́rẹ́, a jẹ́ pé ọmọrí náà kò dé e pa dáadáa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí aláwọ̀ aró, ọmọrí di bébà náà mú gírígírí.

Ìyá náà ti ká ọwọ́ gbera. "Mummy, ṣé ìkòkò lẹ wá rà ni àbí ẹ wá fún un ní máàkì?"

"Méjèèjì ni. Èyí pupa ti fìdí rẹmi."

"Háà! Èyí tó tóbi! Ẹ ò rí i pé ó gba èèyàn púpọ̀?"

"Ìkòkò tó bá tóbi ju ẹran inú rẹ̀ lọ, omi ọbẹ̀ á kàn gbẹ mọ́ ọn nídìí ni."

"Ẹran wo lẹ tiẹ̀ fẹ́ sè?"

"Àgbébọ̀ kan."

"Àgbébọ̀ kan ṣoṣo!" Ó yí sí ẹni tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Pẹ̀lú gbogbo rúlà yìí, mo ti rò pé erin ni."

A nájà, ọ̀rọ̀ wọ̀, mo gbé aláwọ̀ aró. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sílé bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọlọ ló wà nínú àpò náà.

Mo fi ẹran màlúù tó le dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀. Níbi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé. Mo jẹ́ kí iná pọ̀, nítorí mo rò pé irin tó nípọn tó báyìí nílò iná ńlá. Òdìkejì ni. Irin náà máa ń gba ooru díẹ̀díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kó lọ. Iná kékeré ló fẹ́. Àṣìṣe kejì ni pé mo ń ṣí ọmọrí wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bí ẹni tó ń bẹ ilé-ìwé wò. Bẹ́ẹ̀ àǹfààní ọmọrí náà ni pé ooru tó bá gòkè á di ìrì lábẹ́ rẹ̀, á tún kán padà sórí ẹran. Mo ń lé ìrì náà jáde. Ẹran le, ìdí ìkòkò sì jó. Nígbà tí mo fẹ́ fọ̀ ọ́, ọwọ́ mi ṣàdédé lọ mú eérú àti kànìnkànìn onírin, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ àwa obìnrin ìran tèmi nìyẹn: ìkòkò tí kò bá dán, a gbà pé kò mọ́. Mo gbọ́ tí tánńganran ké "kíìn" lẹ́ẹ̀kan, mo sì yára sọ nǹkan ọwọ́ mi sílẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ, kànìnkànìn rírọ̀ àti sùúrù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Kí àwọn ìyá wa tó wà lọ́run dárí jì mí.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ọjà Òjòkù, mo ra àgbébọ̀ tó dàgbà jù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìpẹ́ bíi ti ọ̀nì, èékánná rẹ̀ ti tẹ̀ kọdọrọ. Mo so ó mọ́ ìdí máńgòrò, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi kò lè ṣe kí wọ́n má rí i nígbà tí wọ́n bá dé lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i láàyè, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé agíríìkì ni.

Wọ́n rí i. Wọ́n dúró tì í.

"Tíṣà, kí lèyí?"

"Àgbébọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èyí kọ́ o. Ẹgbẹ́ mi lèyí. A jọ ṣe kọfumáṣọ̀n ni."

"Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa jẹ ẹ́."

Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà. Wọ́n wo ẹsẹ̀ adìẹ náà, wọ́n fi ahọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn láti inú. "Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀… ààwẹ̀ ni mo máa wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, a kì í gbààwẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ àjíǹde ni. Ẹ bi àlùfáà yín."

"Ta ló ní kí o kọ́ mi ní kátíkísìmù?" Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ parí sí.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, mo lọ sí ìsìn kùtùkùtù. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù, ìkòkò ti wà lórí gáàsì. Mo fi òróró díẹ̀ yí ẹran náà títí awọ rẹ̀ fi pọ́n, ṣíbí igi ni mo lò, nítorí tánńganran kò fẹ́ràn irin. Mo kó àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ sí i. Omi ife kan péré. Mo dé e, mo rẹ iná sílẹ̀ títí ó fi kù bí ojú abẹ́rẹ́, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì jókòó lé ọwọ́ ara mi. Fún wákàtí mẹ́rin, n kò ṣí i.

Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú áńkáṣíìfù méjì. Mo gbé itan kan sínú àwo wọn, mo gbé èkejì sínú tèmi, mo sì tẹ́ orí àti ẹsẹ̀ adìẹ náà sórí àwo pẹrẹsẹ láàárín wa. Wọ́n gbàdúrà tó gùn ju ti ìsìn lọ. Lẹ́yìn "Àmín," wọ́n mú ẹran náà bí ẹni mú iná, wọ́n sì fi í sẹ́nu.

Ẹnu wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún lọ. Áńkáṣíìfù wà lórí ẹsẹ̀ wọn, kò gòkè.

"Tíṣà. Agíríìkì lèyí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ adìẹ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n yí i padà bí ẹni ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á. Ìpẹ́ ọ̀nì, èékánná kọdọrọ, gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n bu ẹran náà jẹ lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ìgboyà lọ́tẹ̀ yìí, àti lẹ́ẹ̀kẹta. Mo rí i tí ọ̀nà ọ̀fun wọn gbé e mì. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí n kò ti rí irú rẹ̀. Mo yára wo orí tábìlì kí omi ojú mi má bàa tú mi fó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ̀yìn ti àga. "Àgbébọ̀ yìí le gan-an," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n eyín wà lẹ́nu èèyàn. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o lè jẹ ẹ́?"

Mo ti fẹ́ sọ pé ó rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi kí n tó rí ohun tí wọ́n ń béèrè. Bí ó bá rọ̀ fún mi, a jẹ́ pé ó rọ̀ fún àwọn náà nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ pé irọ́ kò dára wá dúró níwájú mi. Mo gbé itan tèmi sẹ́nu, mo fà á, mo yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo di àgbọ̀n mi mú. "Ó le o, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń dùn mí níhìn-ín."

Ojú wọn rọ̀ bí ojú ìyá. "Rọra. Gé e wẹ́wẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọmọ ìyá mi, ara kì í rí bákan náà. Àbí kí n bá àwọn ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá fún ọ?"

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa lo èyí ná."

Wọ́n na ọwọ́ wá sínú àwo mi. "Gbé e wá, má fi í ṣòfò." Wọ́n sì bá mi jẹ itan tèmi náà.

N kò lè sọ bóyá wọ́n mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èjìká bùbá wọn ti padà sí ipò rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà sì bi mí irú oògùn tí mo ń fún wọn. Mo tún mọ̀ pé gbogbo Ìjàgbò ti gbọ́ pé eyín Tíṣà ti ń mì. Níbi oúnjẹ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo èèyàn ń jẹ ẹran ewúrẹ́, obìnrin kan sì gbé ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mummy, wọ́n ní kí n ṣe tiyín lọ́tọ̀." Mo jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òdìkejì tábìlì pẹ̀lú àánú púpọ̀, egungun ewúrẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lánàá, wọ́n tẹ̀ mí láago. Wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú yìí, kí n wá ẹsẹ̀ màlúù, kí n wá èyí tó le dáadáa, bí kò bá ní ni mí lára jù.