Fóònù Àlòkù Tí Wọ́n Fẹ́ Torí Rẹ̀ Yẹgi fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjà Ṣakí ni ẹ̀gbọ́n mi ti ra fóònù náà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó pàtẹ àlòkù sórí tapólì. Kò gba rìsíìtì. Ta ló ń gba rìsíìtì fóònù àlòkù lágbègbè wa? Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, iṣu àti àgbàdo ló ń gbìn lẹ́yìn Òfìkì, kò sì kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta. Ó fẹ́ fóònù tí òun ó máa fi pe ìyá wa láti oko, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pé oṣù méjì tí àwọn ọlọ́pàá fi wá gbé e. Wọ́n ní ọlọ́kadà kan ló ni fóònù náà, pé wọ́n pa ọkùnrin yẹn lójú ọ̀nà Kòmú, wọ́n sì kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà. Ìlùà ni mo ti ń ránṣọ, ìyá wa ni mo wá wò. Ẹ̀gbọ́n mi ń kó èbù sínú agbọ̀n nígbà tí wọ́n dé. Ó dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, mo rà á ni. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ́jà, màá fi ẹni tó tà á fún mi hàn yín.”

Wọn ò bá a lọ. Odindi oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni ọkùnrin tó ta fóònù náà ṣì fi ń pàtẹ lójú kan náà. Èmi fúnra mi fojú rí i. Mo lọ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn ráyè ṣiṣẹ́ àwọn.

Nígbà tí wọ́n tó gbà ká rí ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé pa dé mọ́. Wọ́n ti kọ ìwé kan ní òyìnbó, wọ́n sì ti ní kó tẹ̀ka sí i.

Mo bi í pé, “Kí ló wà nínú ìwé náà?”

Ó ní, “N ò mọ̀. Wọ́n ní tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, wọn ó fún mi lómi mu.”

Ìwé yẹn ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Ọdún mẹ́rin la fi ń lọ tí à ń bọ̀. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo ní ọjọ́ tí wọ́n pa ọkùnrin yẹn, ilé mi ní Ìlùà ni ẹ̀gbọ́n mi wà láti àárọ̀, à ń sọ àkọ́bí mi lórúkọ. Òun ló gbé ọmọ náà fún alfa. Lọ́yà ìjọba dìde.

“Ẹ̀gbọ́n yín ni, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó jókòó. Ìbéèrè tó bi mí kò ju ìyẹn lọ, àfi bí ẹni pé ẹni tó bá ti fẹ́ràn ọmọ ìyá rẹ̀ ti di elékèé. Alfa tó sọ ọmọ lórúkọ wá sílé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lọ́yà tí ìjọba fún wa kò pè é mọ́.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ sọ̀rọ̀ pẹ́ ní òyìnbó. Ògbufọ̀ wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Wọ́n ní kí wọ́n yẹgi fún ọ.” Ohùn tó fi ń sọ fún wa pé ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀, ohùn náà ló fi sọ ọ́. Etí ìyá wa kò gbọ́ dáadáa mọ́. Ó fà mí láṣọ, ó ní, “Kí ni wọ́n wí?” Mo ní, “Wọ́n ní ká tún padà wá.” Ọjọ́ kẹta ló gbọ́ òdodo lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Kò bi mí léèrè ìdí tí mo fi purọ́ fún un. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tó fi kú.

Ìyàwó ọlọ́kadà tí wọ́n pa máa ń jókòó ní apá kejì lẹ́yìn wa. Nígbà tó gbọ́ ìdájọ́ náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Alihamudulilahi.” Mo kórìíra rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún mẹ́fà láàárín àwọn tí wọ́n ń dúró de okùn. Ó ní ohun tó burú jù níbẹ̀ ni ìró ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ṣí i ní àkókò tí wọn kì í ṣí i, gbogbo wọn á dákẹ́, àwọn àgbà ọkùnrin á tọ̀ sára. Wọn ò pa ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé àwọn kò ní í pa wọ́n.

Ọ̀dọ́mọbìnrin lọ́yà kan tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa ló gbé ẹjọ́ náà lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ibẹ̀ béèrè ohun tí ọmọdé lè béèrè: ta ló túmọ̀ ìwé òyìnbó náà fún ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó? Ẹni tó ta fóònù ńkọ́? Wọ́n ní ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò gba wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Inú àpò ọ̀rá ni wọ́n kó aṣọ oko tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un sí, wọ́n nà án sí i.

Ẹni tó bá ń gbé Òkè-Ògùn lónìí mọ ohun tí ojú àgbẹ̀ ń rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe pe ìpàdé ní iwájú mọ́ṣáláṣí Òfìkì lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ní ọdún kejì tí ẹ̀gbọ́n mi dé. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òfin ń jẹ́ kó pẹ́ jù, pé ẹni tí wọ́n bá mú lónìí, kí wọ́n pa á lọ́la, lójú ọjà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dìde.

Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, wọ́n ti gbé èèyàn ọkọ mi náà lọ rí. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún yín pé ẹni tí wọ́n mú gan-an ló ṣe é?”

Tíṣà ní, “Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ọlọ́run yọ ẹ̀gbọ́n yín.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe Ọlọ́run ló ní kó tẹ̀ka sí ìwé yẹn. Ọdún mẹ́wàá tí ẹ ní ó pẹ́ jù yẹn ló yọ ọ́. Ká ní wọ́n yára bí ẹ ṣe fẹ́ ni, ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán.”

Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ mọ́, ṣùgbọ́n ó dáhùn lórí ìjókòó. Ó ní, “Ẹnìkan wà nínú yàrá wa tó sọ fún mi pé lóòótọ́ lòun pààyàn. Ẹ̀wù kan náà la wọ̀, oúnjẹ kan náà la jẹ. Àwọn wọ́dà ò mọ ìyàtọ̀ èmi àti ẹ̀. Adájọ́ náà ò mọ̀ ọ́n.” Wọ́n parí ìpàdé, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ̀wé síjọba kí òfin máa pa àwọn ajínigbé kíákíá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni opó ọlọ́kadà wá sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé àga fún un.

Obìnrin náà ní, “Mi ò wá jà. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin ni, mo gbà wọ́n gbọ́. Tí kì í bá wá ṣe ẹ̀yin, ta ló pa ọkọ mi?”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní àwọn tó ṣe ìwádìí náà ti lọ síbòmíràn, àti pé wọ́n ti pa fáìlì dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dájọ́.

Obìnrin náà ní, “Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń wá a?”

“Màámi, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà.”

“Ẹjọ́ ta ni wọ́n dá?”

Ọlọ́pàá náà wo ìwé iwájú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, èmi àti obìnrin náà ti jọ kọ lẹ́tà mẹ́rin sí àwọn ọ̀gá wọn, kò sí èsì. Ẹni tó pa ọkọ rẹ̀ wà níbì kan, ó ń jẹ, ó ń mu, ó sì lè ti wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi.