Ohùn Tí Alhaji Sàká Ní Kí Wọ́n Pa Rẹ́

Ká ní ẹ rí Mìsítúrà nídìí káńtà ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Deptford nílùú òyìnbó, tó fi ìborí dúdú borí, tó ń ṣàlàyé fún àwọn arúgbó iye egbògi tí wọ́n máa lò láàárọ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé orin kọ́ntírì ló gba ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, orin àwọn adamàlúù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi gìtá sunkún ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá wa fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ọ̀dọ̀ Sàká bàbá rẹ̀ ló ti kó o. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Sàká, fúláàtì kan ní Peckham ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ìyá Sàká kú ní Ìṣẹ́yìn, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, kò lè lọ sìnkú. Ló bá jókòó sí kíṣìnì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé gìtá lé itan, ó tẹ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bó ti máa ń ṣe kó tó kọrin, ó sì kọ orin tó fúnra rẹ̀ ṣe: "Ìyá, má tilẹ̀kùn, mo ń bọ̀." Mìsítúrà kéré nígbà náà, àmọ́ ó rántí omijé tó ń kán sára gìtá.

Nígbà tó yá, Sàká lọ sí Mẹ́kà, ó di Alhaji, ó sì gbé gìtá fún ẹni tó fẹ́ ẹ. Ó ní òun ti bá Ọlọ́run ṣe àdéhùn, òun kò ní kọrin mọ́ láyé. Ó pe Mìsítúrà, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó na kásẹ́ẹ̀tì tí orin náà wà nínú rẹ̀ sí i.

"Gba wáàsí Àlùfáà lé e lórí, ojú méjèèjì. Ṣó o gbọ́?"

"Yes, Daddy."

Ojú kan ni ọmọ náà gba wáàsí lé. Ojú kejì, níbi tí orin wà, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Irọ́ ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó bá a dàgbà.

Alhaji Sàká kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àìsàn inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa á. Lọ́dún yìí ni Mìsítúrà rí ìkéde pé wọ́n ń kọ́ àwọn olórin kọ́ntírì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, lófẹ̀ẹ́, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Rye Lane: bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò, bí wọ́n ṣe ń ka ìwé àdéhùn kí wọ́n má baà rẹ́ wọn jẹ. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n gbà. Lọ́jọ́ ìparí, wọn yóò mú ẹnì kan nínú wọn, wọn yóò tọ́ ọ sọ́nà fún ọdún kan gbáko, wọn yóò sì gbé orin rẹ̀ jáde. Mìsítúrà ń lọ sí ogójì ọdún. Ó mọ̀ pé bí èyí bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, káńtà ni títí ọjọ́ ogbó.

Orin tí kálukú fúnra rẹ̀ ṣe ni wọ́n ní kí wọ́n mú wá. Orin bàbá rẹ̀ ló mú lọ, ó sì buwọ́ lùwé pé tòun ni. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ dá orin náà, á gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Á yíjú padà, ògiri ni yóò rí.

Levi, ọmọ Catford tó ń kọ́ wọn, kò gbọ́ ikọ́ kankan. Ohun tirẹ̀ ni pé orin náà kò tíì parí.

"Ó ku ẹsẹ kan," ló wí. "Lọ wá a."

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, Nímọ́tà ìyá rẹ̀ lọ sí àsàlátù. Mìsítúrà gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Ibi tí orin bá parí sí ló máa ń dá a dúró sí tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kó máa yí, bóyá bàbá rẹ̀ fi ẹsẹ kan sí iwájú. Kò gbọ́ nǹkan kan fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ikọ́, àti ohùn arúgbó tí èémí kò tó mọ́.

"Mìsítúrà, èmi ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé o ò pa á rẹ́. N ò bínú. But I promised God. Tí mo bá ti lọ, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ohùn mi máa kọrin lẹ́yìn mi. Jẹ́ kí n sinmi."

Ó sunkún títí. Nígbà tó ṣe, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀, ó pa fóònù, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń gba ohùn, ó sì jókòó sí kíṣìnì láìmira fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè bo bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ wò, ìró fíríìjì nìkan ló kù.

Ó jẹ́wọ́ fún Levi pé orin yẹn kì í ṣe tòun. Levi bi í léèrè:

"Satidé la fẹ́ kọrin. Kí lo máa wá kọ?"

Ó kọ orin míì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, orin ọmọ tó jókòó sí kíṣìnì tó ń gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sílẹ̀. Tirẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti bọ́.

Lọ́sàn-án Satidé náà, ìyá rẹ̀ tí kò gbọ́ orin rẹ̀ rí jókòó síwájú. Mìsítúrà gbé gìtá, ó mí sínú. Kò sí òtútù lára rẹ̀, ọ̀fun kò dùn ún, síbẹ̀ ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn tó jáde tẹ̀ lé e wúwo, ó ń gbọ̀n níparí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nímọ́tà dìde díẹ̀ lórí àga, ó tún jókòó.

Mìsítúrà ni wọ́n mú. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, Levi dì mọ́ ọn. Wọ́n rìn lọ sílé, ìyá rẹ̀ sì dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà fúláàtì.

"Ohùn Alhaji ló kọrin yẹn," Nímọ́tà wí, omi wà lójú rẹ̀. "Ṣé wọn ò bẹ̀ ẹ́ ni? Wọ́n láwọn máa bẹ̀ ẹ́ kó o pa á rẹ́, káwọn lè sinmi."

Mìsítúrà la ẹnu láti sọ pé òun ti pa á rẹ́. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀ẹ̀mejì.