Ẹ Má Wulẹ̀ Gbé Ọṣẹ Wá

Ibi tí obìnrin mìíràn ń fi àtíkè sí nínú báàgì, kálípà ni Àǹtí mi ń fi síbẹ̀, irin tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Orí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ti ń ya ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin ìlú Rore fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bí ọmọṣẹ́ kan bá gbé òòlù sí béárìn tó há, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí, wọ́n á pariwo mọ́ ọn: "Má lù ú! Wọ̀n ọ́n! Tí kò bá gbà, a ó tún un yà!"

Aráyé ní alágídí ni wọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Èkó mú ọkùnrin kan wálé pé kó fẹ́ Àǹtí. Ọkùnrin náà ní kí Àǹtí ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí wọ́n bá òun lọ, ó sì gbé òrùka kalẹ̀. Àǹtí yọ kálípà níṣojú gbogbo ẹbí, wọ́n wọn òrùka, wọ́n wọn ìka.

"Kò lè gbà."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn náà ni? Ẹ lọ gbé ọṣẹ wá, ẹ fi pa ìka rẹ̀, á wọlé."

Àǹtí dá òrùka padà sọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Bùọ̀dá, béárìn lásán, mi ò jẹ́ kí wọ́n fipá tì í wọlé. Ṣé èmi wá ni ẹ fẹ́ fi ọṣẹ tì?"

Ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà ń ya ẹ̀rọ níbẹ̀ báyìí, kálípà Àǹtí sì wà nínú báàgì mi. Ẹbí ti tún ń bi mí pé ìgbà wo ni màá ṣe bí obìnrin. Ẹ má wulẹ̀ gbé ọṣẹ wá.