Odó Tó ń Dún Lẹ́yìnkùlé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, owó kòkó pọ̀ ní Adó bí ẹrùpẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè má gbà mí gbọ́. Onílé wa tó ń ra kòkó fún àwọn òyìnbó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, iṣu sì ń jẹrà nínú àká rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn ni àwa ayálégbé ń gbé, yàrá kan fún ìdílé kan.

Opó kan láti ìlú Ìyìn wà ní yàrá tó gbẹ̀yìn, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Àpò kòkó ló ń bá onílé rù kí àìsàn tó dá a jókòó. Ẹ sì mọ àwa Èkìtì: ilé tí odó iyán kò bá dún nírọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n níbẹ̀. Odó tirẹ̀ kì í dákẹ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, gbì, gbì, gbì. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé èéfín kì í yọ níbẹ̀, n kì í gbọ́ òórùn iṣu, ìró odó náà sì máa ń gbẹ, igi ń lu igi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, odó náà dún títí, kò dáwọ́ dúró. Kò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n kò sinmi. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ìyá mi. Ó bu iyán gbígbóná sáwo, ó ní kí n tẹ̀lé òun. A kan ilẹ̀kùn, odó ṣáà ń dún. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ọmọ yẹn ló ń gún un, ọmọ odó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Inú odó ṣófo. Ìyá rẹ̀ nà gbalaja lórí ẹní, ó ti tutù.

“Yèyé mi ní kí n má dákẹ́, kí ará ulé má baà mọ̀.”

Kò sunkún. Ó tún gbé ọmọ odó sókè. Ìyá mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e mọ́ra, ìgbà náà ni ọmọ yẹn tó figbe ta. Ọ̀dọ̀ wa ló dàgbà sí. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Irọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìtìjú ń wọ̀ ọ́.

Ayé ti yí padà. Adó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀, ọ̀kadà ń pariwo ní oríta Fájuyì, ògiri ilé yín sì ga débi pé ẹ kò mọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tó ní eré ìdárayá lòun ń ṣe, ìró odó yẹn á sì tún dún sí mi létí. Ẹ má dúró bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Yóò ní òun ti yó. Ẹ gbé oúnjẹ lọ bá a.