Ìwé Àwòrán Tó Ti Wáàfù Wá

Ara mi kì í balẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó, ẹsẹ̀ mi kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa máa ń sọ pé ẹsẹ̀ làwọn ẹlòmíì fi ń rìn, pé èmi ni mo ń fi tèmi ronú. Ohun kan ṣoṣo tó lè so mí mọ́lẹ̀ fún odindi wákàtí kan ni kọ́míìkì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ìwé àwòrán ní àdúgbò wa l'Ájégúnlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Bí mo bá sì parí ọ̀kan, wàhálà tuntun ti dé nìyẹn: èwo ló kàn?

Gbogbo ọmọ tó mọyì kọ́míìkì ló ní tirẹ̀, a sì máa ń pààrọ̀ wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, ilé kan tí yàrá mẹ́wàá dojú kọra wọn. Tàwọn yòókù jẹ́ ti òyìnbó, èyí tí àwọn ìyá wọn rí gbà ní ilé àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ń bá fọṣọ ní Àpápá. Tèmi ti wáàfù wá. Bàbá wa wà lára àwọn tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí, àwọn atukọ̀ á da ohun tí wọn ò fẹ́ mọ́ síta, bàbá wa á sì ṣa ìwé níbẹ̀ wálé fún mi. Òmíràn sanra tó búrẹ́dì. Bébà rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé níwájú, á di àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú láàárín, gbogbo rẹ̀ á sì máa rùn bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ inú wọn kò dùbúlẹ̀ bíi tiwa, òòró ló dúró, bí eèrà tó ń gun ògiri. Bàbá wa ní àwọn ará Jàpáànù ló ni wọ́n.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi pààrọ̀ wọn. Ọmọkùnrin yàrá kẹta, ẹni tí kọ́míìkì rẹ̀ pọ̀ jù ní ilé wa, gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jù ú padà sí mi láyà.

"Na Chinese book be dis. Who wan read am?"

Mo ní tí kò bá fẹ́, kó fi sílẹ̀, pé ẹni tí kò mọ wúrà ní í pè é ní bàbà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Torí ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú páálí mílíìkì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Mo to wọn bí wọ́n ṣe ga sí. Lọ́sẹ̀ kejì mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo to wọn bí àwọ̀ wọn ṣe rí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo tún tú u ká. Mi ò lè fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ inú wọn, àwòrán ni mò ń wò tí mo fi ń sọ ìtàn fún ara mi. Àwọn ìtàn náà sì yà mí lẹ́nu púpọ̀. Nínú ìwé bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ṣe ń ṣí i lọ, á jáde nínú àwọ̀n, á fò kọjá lórí gọ́lì tó ń ṣọ́ ilé, á sì padà sẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń gbá a ní ìlú tiwọn nìyẹn. Nínú òmíràn, ọkùnrin kan á kọ́kọ́ yó, á gbé ọwọ́ lé ikùn, lẹ́yìn náà ni abọ́ rẹ̀ á wá kún fún oúnjẹ. Ìlú yẹn mà dáa o, mo ní.

Ní ọdún yẹn ni ìyá wa bínú lọ. Òun àti bàbá wa ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n sì jà, a ò mọ ohun tó fà á. Nígbà tó di àárọ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó ní òun ń bọ̀. Bàbá wa náà ní ó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìgbà tó ń bọ̀ fún wa.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò kúrò níwájú ilé mọ́. Bó bá ti rí obìnrin tó gbé báàgì láti ọ̀ọ́kán, á sáré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fa aṣọ rẹ̀ yọ níwájú trélà. Kí n má baà máa sá tẹ̀ lé e ní gbogbo ìgbà, mo wá ohun tí màá fi mú un jókòó, mo sì rí i nínú páálí mi.

Ìwé kékeré kan ni. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, àtàwọn ọmọ méjì, ní abúlé kan létí omi. Bí mo ṣe kà á fún un nìyí. Àwọn ọmọ náà dúró létí omi, wọ́n ń sunkún, ọkọ̀ kan sì wà lọ́nà jíjìn. Ọkọ̀ náà ń sún mọ́ wọn. Ìyá wọn ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ó dé èbúté, ó wọlé, ó tú ẹrù rẹ̀, ó se oúnjẹ, wọ́n sì jókòó yí i ká, wọ́n ń jẹun.

"Ṣé ìyá wọn ti dé nìyẹn?" àbúrò mi á bi mí.

"Ó ti dé. Tiwa náà ń bọ̀."

"Kí ló dé tí èyí kékeré ṣì ń sunkún nígbà tí ìyá wọn ti dé èbúté?"

"Ẹkún ayọ̀ ni."

Á ní kí n tún un kà. Ó dá mi lójú pé mo ka ìwé yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ó gbà á gbọ́ bí ẹni gba àdúrà gbọ́, ó sì ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Mo rò pé mo ṣe ohun ńlá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo yọ ìwé náà mú lọ sí ilé-kéú wa ní Olódì Àpápá. Mo fi wàláà bò ó, mo ń mì síwá sẹ́yìn bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n Àáfà rí i pé ẹnu mi kò mì. Ó ní kí n mú ohun tí mò ń wò wá. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ó gbé e lé itan, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣí i láti apá ọ̀tún, bí ọwọ́ náà ti ń ṣí ìwé láti ìgbà tó ti dáyé. Ó rọra ń ṣí i lọ.

"Obìnrin yìí, ibo ló ń lọ?"

"Ó ń bọ̀ ni, Àáfà."

"Ó ń bọ̀ kẹ̀? Wò ó. Ó bọ́ wọn ní oúnjẹ. Ó di ẹrù. Ó wọnú ọkọ̀. Àwọn ọmọ ń sunkún létí omi. Bíbọ̀ dà níbẹ̀?"

"Apá kejì ni wọ́n ti ń kà á, Àáfà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ẹ? Ìwọ tó ti ka Kùránì dé ìdajì, o ò mọ̀ pé ìwé lè ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀?"

Ó nà mí lẹ́gba mẹ́ta, ó sì dá ìwé mi padà. Mi ò mọ ẹgba náà lára. Ìtìjú ló pa mí. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo ti ń ṣí ìwé láti ọ̀tún lójoojúmọ́, àmọ́ nítorí pé àwòrán wà nínú èyí, mo kà á mọ́ ìwé ilé-ìwé, mo sì ń ṣí i láti òsì bí wọ́n ṣe ń ṣí tibẹ̀.

Mo sáré délé, mo da páálí mi sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin náà, ó fò kọjá gọ́lì, ó wọ àwọ̀n. Èmi nìkan pariwo "Góòlù!" nínú yàrá. Ọkùnrin ọjọ́sí jẹun, ó wá yó. Mi ò rò pé inú mi tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí: ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti mọ̀ tinú-tẹ̀yìn tún di tuntun sí mi lọ́wọ́. Mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àbúrò mi gbé tirẹ̀ wá. "Kà á fún mi." Mo kà á láti òsì. Ẹnu mi wúwo. Ọjọ́ kejì, mo tún kà á bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò jẹ́ kí n lè dúró sójú kan mọ́ rárá. Màá jáde, màá wọlé, màá lọ dé Marine Beach lọ wo àwọn ọkọ̀ apẹja, màá sì padà láì ra nǹkan kan, láì rí ẹnikẹ́ni. Mò ń bínú sí ìyá wa tí kò wá fi òótọ́ ti irọ́ mi lẹ́yìn. Mò ń bínú sí àbúrò mi pàápàá, pé ó gbà mí gbọ́ jù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ni mo wọlé tí mo bá a nílẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Ó ti gé ìwé bọ́ọ̀lù mi jálẹ̀jálẹ̀. Ó gé orí ènìyàn mẹ́rin jáde, ó tò wọ́n síwájú ara rẹ̀: bàbá, ìyá, èmi, òun. Ìbínú kì í da nǹkan fúnni, mo gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n mi ò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀yìn la ti ń ka ìwé ẹ látọjọ́ yìí!" mo ní. "Ìyá yẹn ò bọ̀. Ń ṣe ló ń lọ!"

Mo fa ìwé tirẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣí i láti ọ̀tún títí a fi dé etí omi. Ó wo ojú ewé tó kẹ́yìn náà pẹ́.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àáfà."

Kò sunkún. Ká ní ó sunkún, ó bú mi, ó gé mi jẹ, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe. Ó pa ìwé náà dé, ó fa páálí mi jáde, ó sì tò ó mọ́ àwọn yòókù. Láti ọjọ́ yẹn kò bi mí nípa ìyá wa mọ́, kò sì dúró níwájú ilé wo ọ̀nà mọ́. Àwọn ará ilé ń yìn ín pé ọmọ náà ti gbọ́n. Mo gbọ́ ìyìn náà, mo jáde lọ.

Ìyá wa padà dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan sí i. Ariwo àwọn ará ilé ni mo gbọ́, mo sáré já síta láì wọ bàtà, mo dì mọ́ ọn, mo ń sunkún. Àbúrò mi ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó wá síwájú, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Bàbá wa ò tíì ti wáàfù dé."

Ìyá wa rẹ́rìn-ín. "Èmi lò ń kí báyìí? Ìwọ?"

Àbúrò mi lọ bu omi tútù wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó dúró kí ó mu ún tán. Nígbà tó gba ife padà, ó wo báàgì tó wà nílẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ máa padà?" ó bi í.

Ìyá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ó fà á mọ́ra, ọmọ náà sì dúró gbọnrangandan láàárín apá rẹ̀, ó mú ife dání. Ìyá wa gbójú sókè, ó bi mí pé ta ló bú ọmọ òun. Mo ní kò sẹ́ni tó bú u.