Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Má Mì

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé nílé bàbá mi ní Albarika, ní Parakou níbí, ìwà burúkú kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ mọ́ mi. N kì í jalè, n kì í bú àgbà. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń mì. Bí mo bá ti jókòó, orúnkún mi ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èmi fúnra mi kì í sì í mọ̀. Alfa tó ń kọ́ wa ní kéwú fi pàṣán bá mi wí lórí rẹ̀ títí ó fi sú u. Ìyá mi ní oore ara mi ni mo ń gbọ̀n dànù.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ bí ilé ṣe ń kún nígbà náà. Àwọn ìyàwó bàbá mi, àwa ọmọ, àwọn àbúrò bàbá mi, àti àwọn oníṣòwò tó ń ti Ìlọrin bọ̀, tí wọ́n á máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa títí ọjà wọn á fi tà. Bí ènìyàn bá fẹ́ sunkún níkọ̀kọ̀, kò sí ibi tó máa gbà. Abọ́ ńlá kan ni àwa ọkùnrin máa ń yí ká lórí ẹní, tí a ó jọ máa jẹun.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n gún iyán, wọ́n sì fi wàrà, èyí líle tí àwọn Fúlàní ń ṣe, se ọbẹ̀. Bàbá mi ti wọ jalabíà funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ kírun. N kò mọ ìgbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọlu abọ́ ọbẹ̀, ọbẹ̀ sì dà sára aṣọ funfun náà látòkè délẹ̀. Bàbá mi kò nà mí. Ì bá tilẹ̀ sàn kó nà mí. Ó kàn ní kí wọ́n máa bu oúnjẹ tèmi sọ́tọ̀, kí n máa lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé, títí ẹsẹ̀ mi á fi gbọ́ràn.

Ebi kò pa mí o. Ẹran tí wọ́n ń bù fún mi tilẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú ilé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ bí ìdáwà ṣe ń rí.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá mi, gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá bá mi. Ó jókòó tì mí, ó gbé ọwọ́ òsì lé orúnkún mi, ó sì ń fi ọ̀tún jẹun. Bí orúnkún náà bá ti fẹ́ gbọ̀n, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

“Mú ẹsẹ̀ rẹ dúró,” ló máa ń sọ, “kí wọ́n lè pè ọ́ padà.”

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún nǹkan bí oṣù kan, títí ẹsẹ̀ náà fi dákẹ́, tí bàbá mi sì pè mí padà sídìí abọ́. N kò mi ẹsẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Mo ta aṣọ, mo fẹ́ ìyàwó, mo kọ́lé sí Banikanni, àdúgbò mìíràn ní Parakou yìí. Àwọn ọmọ mi ti mú ọ̀nà wọn pọ̀n, àwọn kan wà ní Kútọnu, àwọn kan wà ní Abíjàn. Ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi náà kú lọ́dún tó kọjá. Èmi àti tẹlifísọ̀n la jọ ń gbélé báyìí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jókòó jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ yanjú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wú débi pé bàtà kò gbà wọ́n mọ́. Mo lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò, ọmọ Ṣábẹ̀ ni, mo lè bí ìyá tó bí i. Wọ́n wo ọkàn mi, wọ́n gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀, wọn kò rí àrùn kankan níbẹ̀. Ó wá bi mí bí mo ṣe ń lo ọjọ́ mi. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ìjókòó pípẹ́ ló ń dá omi dúró sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n máa dìde rìn, pé bí mo bá sì jókòó, kí n máa mi ẹsẹ̀ mi, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gòkè padà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwà burúkú ni wọ́n pe ìyẹn nígbà tiwa. Ó ní àwọn tó ń mi ẹsẹ̀, tí inú ń bí wa sí, ara wọn ni wọ́n ń ṣe lóore láìmọ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí nígbà tí mo délé. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ṣì mí lọ́nà ni? Rárá o. Àyè láàárín ènìyàn ni ó gbà padà fún mi, mo sì jẹ̀gbádùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ènìyàn náà ni kò sí mọ́. Ayé ti yí. Nígbà tiwa, bí orúnkún ọmọ kan bá gbọ̀n, ojú mẹ́wàá ló máa rí i. Lónìí, mo lè mi ẹsẹ̀ láti ìdájí títí dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó tó. Ó ń dùn mí.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín. Kí n tó kúrò níwájú nọ́ọ̀sì náà, ó bi mí bóyá ẹnìkan wà nílé tó lè máa rán mi létí. Ojú tì mí, mo ní ó wà. Irọ́ ni mo pa.

“Ó dáa, bàbá,” ló wí. “Ẹ mú ẹni náà wá ní Ọjọ́bọ̀, kí n fi bó ṣe máa bá yín ṣe é hàn án.”

Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Mo ti ro gbogbo àdúgbò yìí yíká láti àárọ̀, n kò tíì rí ẹni tí mo lè bẹ̀.